Ọwọ́ Don Helms ni ìdajì ẹkún inú orin Hank Williams wà

Àwọn tó fẹ́ràn orin country máa ń sọ pé ohùn Hank Williams, olórin country ará Amẹ́ríkà, ń sunkún. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ohùn méjì ló ń sunkún nínú àwọn àwo yẹn, èkejì kò sì ní ẹnu. Steel guitar ni, Don Helms ló ń ta á. Lójú tèmi, tí a bá yọ ọwọ́ Helms kúrò nínú "Cold, Cold Heart" tàbí "Your Cheatin' Heart", orin tó dáa náà ló máa kù, àmọ́ kò ní wọ èèyàn lákínyẹmí ara bó ṣe ń wọ̀ ọ́ yìí.

Ká tó lọ jìnnà, àṣìṣe kan wà tó yẹ ká mú kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pe ohun tí Helms ń ta ní pedal steel. Kì í ṣe pedal steel rárá. Gibson Console Grande ni, ọrùn méjì, okùn mẹ́jọ lórí ọrùn kọ̀ọ̀kan, kò sì sí pẹ́dà kankan lábẹ́ rẹ̀ tó ń fa okùn. Orin tó mú kí gbogbo onísteel máa wá pẹ́dà kiri ni "Slowly" ti Webb Pierce, tí Bud Isaacs ta gìtá sí, ọdún 1954 ló sì gbòde kan. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1953 ni Hank ti kú, ẹni ọdún 29. Kò gbélé ayé gbọ́ ọ.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti ń wá láàárín àwa ọmọ Yorùbá. Inú àwo King Sunny Ade ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ irú gìtá yìí, láti ọwọ́ Demola Adepoju, bíi nínú Juju Music ti ọdún 1982. Ti Adepoju ní pẹ́dà. Etí wa wá ń retí pẹ́dà níbi gbogbo. Bí ẹ ó ṣe dá wọn mọ̀ kò le: tí ohùn méjì bá ń dún pọ̀, tí ọ̀kan dúró gbọin, tí èkejì wá ń gùn lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ́dà ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo ohùn bá jọ yọ̀ lọ pa pọ̀, ọ̀pá irin tó wà lọ́wọ́ atagìtá ló ń rìn lórí okùn. Nínú orin Hank, irin ló ń rìn.

Gìtá náà máa ń dùbúlẹ̀ ni, ojú rẹ̀ á wà lókè. Ọwọ́ òsì á mú ọ̀pá irin kan, á gbé e lé okùn láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn fret, ìyẹn àwọn ìlà tó pín ọrùn rẹ̀ sí ìpele ìpele, kò ju àmì lọ, okùn kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n. Ibi tí irin bá dúró sí ni ohùn wà, gbogbo ibi tó bá sì gbà kọjá, ohùn á gbabẹ̀. Onídùndún tó ń fún ọ̀sán ìlù rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè, ọ̀nà wà láàárín, inú ọ̀nà yẹn gan-an ni adùn wà.

E6 ni Helms ń yí okùn rẹ̀ sí. Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sol-fa gbọ́ ọ: tí E bá jẹ́ do, okùn náà á máa dún do, mi, so, la. Tí orin bá wà ní C, ẹ gbé irin sórí fret 8, gbogbo rẹ̀ ti di C nìyẹn. F wà ní fret 1 àti 13, G wà ní 3 àti 15. Títí dé ibí yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é.

Ibi tí wàhálà wà ni pé irin tó gún máa ń gbé gbogbo okùn lọ ní ìwọ̀n kan náà, orin kì í sì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ mú okùn mi àti okùn do tó wà lókè rẹ̀. Ní fret 8, mi àti do ń dún pọ̀, ó dùn. Ẹ wá fẹ́ gùn lọ sí fa àti re. Láti mi dé fa, fret kan péré ni, ṣùgbọ́n láti do dé re, fret méjì ni. Irin tó gún kò lè mú méjèèjì. Ọwọ́ ní láti jẹ́ kí irin fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó wà lórí fret 9 níbi okùn mi, kí orí rẹ̀ sì ti dé fret 10 níbi okùn do. Ó tún kan so àti mi: fret 11 àti 12, irin ṣì fì. Tó bá di la àti fa, méjèèjì bọ́ sórí fret 13, irin á tún gún padà. Ẹni tó ní pẹ́dà á kàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á sì máa wojú èrò. Ẹni tí kò ní, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, bẹ́ẹ̀ kò sí fret tó máa gbà á sílẹ̀ tó bá ṣì í.

Helms wá lọ ń ṣe iṣẹ́ yìí lókè ọrùn gìtá, níbi tó ti le jù. Fred Rose tó ń darí ìgbàsílẹ̀ orin Hank ló ní kó máa ta á lókè, ọgbọ́n sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Rédíò inú mọ́tò àti jukebox, ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ owó sí kó lè kọrin, ní ilé ọtí ayé ìgbà yẹn kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ á rì. Àárín ni ohùn Hank fúnra rẹ̀ wà, tí steel bá lọ bá a níbẹ̀, wọ́n á máa du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òkè ló ṣófo.

Ẹ wo ohun tí òkè yẹn ń béèrè. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 22.5 láti orí dé ìdí, fret àkọ́kọ́ fẹ̀ tó mílímítà 32. Láàárín fret 15 àti 16, mílímítà 13.5 péré ló kù. Tí irin bá yẹ̀ ní mílímítà méjì nísàlẹ̀, ohùn yẹ̀ ní ìdá kan nínú 16 ìwọ̀n fret kan, etí tó mú ṣáṣá nìkan ló máa mọ̀. Mílímítà méjì yẹn kan náà lókè, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú méje. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí á ká ojú kò. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ bí steel ṣe ń ké tó mú gaan lẹ́nu àbáwọlé "Your Cheatin' Heart", tí ohùn rẹ̀ kò sì ya, ẹ rántí pé ààyè tí ọwọ́ ní láti ṣìnà kò ju nínípọn ewé pépà mélòó kan lọ.

Ibi tí mo ti ń gbóríyìn fún un jù ni ibi tí kò ti ta nǹkan kan. Orin Hank kì í gùn, ọ̀pọ̀ wọn kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Castle Studio tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì Tulane ní Nashville ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, "Cold, Cold Heart" ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, "Your Cheatin' Heart" ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí Hank wọ sítúdíò. Gbogbo wọn ló ń ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí pé a ó bá ọ dín steel kù lọ́la. Ẹni tó bá ta àtapọ̀jù ti ba àwo jẹ́ nìyẹn, àfi kí wọ́n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ orin náà kò ní ìlù. Báàsì àti gìtá oníná tí Sammy Pruett ń ta, tó ń fi ọwọ́ pa ohùn okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa dún gbúgbúgbú bí ìlù, ni wọ́n fi ń rìn. Steel tó bá ń fà gùn lórí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ á bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jerry Rivers náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fáyólìn, òun náà ń wá àyè. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe pín in: Helms kì í sábà wọlé títí Hank á fi parí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìlà. Á sọ gbólóhùn kúkúrú kan, á jáde kí Hank tó ṣí ẹnu. Tí ó bá dún nígbà tí olórin ṣì ń kọrin, á rọra dún ni, lókè, nóòtù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gìtá lóde òní ni kò lè fara da ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí orin wọn fi máa ń há.

Àwọn kan máa ń fi "I'm So Lonesome I Could Cry" yin Helms. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Cincinnati ni wọ́n ti gba ìyẹn sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, Jerry Byrd ló ta á, òun náà ló ta "Lovesick Blues" ti oṣù Kejìlá 1948. Byrd jẹ́ ọ̀gá nínú C6, ìyẹn yíyí okùn sí C dípò E, ọ̀nà Hawaii níbi tí irú gìtá yìí ti ṣẹ̀ ló ń tọ̀. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Hawaii, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ àwọn méjèèjì tẹ̀ léra, ẹ ó mọ ìyàtọ̀: ohùn Byrd rọ̀, ó kún, gbígbọ̀n irin rẹ̀ lọ́ra. Ti Helms mú bí abẹ. Tí a bá ní ká fi mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀n ọ́n, Byrd ju Helms lọ. Mo ṣì máa mú Helms fún Hank, nítorí ohùn tó rọ̀ kò tako ohùn Hank tó.

Ẹ ṣọ́ irú àwo tí ẹ ń gbọ́ o. Lẹ́yìn ikú Hank, MGM, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, mú àwọn orin náà, wọ́n fi fáyólìn rẹpẹtẹ kún un, wọ́n tún ṣe ayédèrú stereo pẹ̀lú. Àwo olókùn fáyólìn yẹn jáde ní ọdún 1966, ó sì bo gbogbo àyè tí Helms fi sílẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Mono, èyí tí gbogbo ohùn rẹ̀ ń jáde lójú kan, ni kí ẹ wá.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, èmi ò sì rò pé owó gìtá wà lára wọn. Àkọ́kọ́ ni títẹ irin mọ́lẹ̀. Okùn á kan fret, á ta kẹ̀kẹ̀, ohùn á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ nítorí okùn ti le sí i. Èkejì ni ìka tó gbé sókè. Ìka tó wà lẹ́yìn irin gbọ́dọ̀ sùn lé okùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, apá okùn tó wà lẹ́yìn irin náà á máa dún tirẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀rọ ló bà jẹ́. Ẹ̀kẹta ni gbígbọ̀n irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: irin kò tíì dé ibi tó ń lọ, wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi irin dúró jẹ́ẹ́ lórí fret, ẹ fi ojú wò ó láti òkè gbọnrangandan, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn náà bá báàsì mu. Ìgbà yẹn ni gbígbọ̀n tó di ẹwà.

Ẹ̀yin tí Jim Reeves ni country yín láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni gbogbo ariwo steel yìí. Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí Reeves fi máa gba "He'll Have to Go" sílẹ̀ ní 1959, vibraphone (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù) àti dùùrù ni wọ́n fi sí ibẹ̀, Nashville ti ń ti steel sẹ́yìn kí orin lè wu àwọn ará ìlú ńlá. Helms kò rọ́wọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Òun ló ta "Walkin' After Midnight" pẹ̀lú Patsy Cline, tó jáde ní 1957, òun náà ló wà nínú "Long Black Veil" ti Lefty Frizzell ní 1959. Títí dé 2008 tó kú, wọn ò yé béèrè Hank lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ti Frizzell yẹn, kò sí Hank níbẹ̀ rárá, òkè yẹn náà ni Helms ṣì wà.