Owó ìpè ti lọ sókè. Tẹlifóònù ìgboro ńkọ́?

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i, ó bùṣe: àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè, dátà àti àtẹ̀jíṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ náírà 4 ti di náírà 6. A mọ àwíjàre wọn: láti ọdún 2013 ni iye owó ti wà lójú kan, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì kọ́kọ́ béèrè ju ìdá 100 lọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn fà á nígbà náà. Ohun tí àwa ti ń sọ lójú ìwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́ la tún fẹ́ sọ: nígbà tí àjọ náà ń fún àwọn oníṣòwò láyè láti gba owó sí i, kí ló ní kí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò ní fóònù lọ́wọ́? Tẹlifóònù ìgboro, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lójú pópó, la ń wí.

Kì í ṣe pé àárò NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àtijọ́, ń sọ wá. Ẹni tó bá to ìlà nídìí tẹlifóònù oníkáàdì láyé ìgbà yẹn mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn obìnrin abẹ́ ambùrẹ́là ló gba ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan, àga méjì àti fóònù kan, náírà 50 fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn gan-an ni tẹlifóònù ìgboro wa, ìjọba kò sì ná kọ́bọ̀ lé e. Nígbà tí síìmù di pọ́ọ́kú, wọ́n yí sí káàdì títà. Lónìí, POS ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ ambùrẹ́là yẹn kan náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ àyíká kò bá tíì lé wọn. Wọ́n ta NITEL fún Transcorp ní 2006, wọ́n gbà á padà, wọ́n tún wá tà á fún NATCOM. Nínú gbogbo kátà-kárà yìí, kò sí ìjọba tó sọ ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ àpótí ìpè.

Wọ́n á ní kí la fẹ́ fi ṣe, ṣebí gbogbo èèyàn ló ní fóònù. Ẹ wá sí Àbújá níbí kí ẹ wò ó. Ẹni tí wánṣáǹsì gbé ní Berger, tí wọ́n ti í bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Kubwa lóru, fóònù ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síìmù inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi kó owó báńkì rẹ̀ bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ nínú òkùnkùn. Ó gbọ́dọ̀ pe báńkì kíá, kó pe ilé, kó pe ọlọ́pàá. Ta ni yóò yá a ní fóònù? Ẹni tó máa dúró fún àjèjì tí ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ rẹ̀ ní wákàtí yẹn kò sí mọ́, a ò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà mìíràn fi ń mú èèyàn. (Ká tilẹ̀ ní ó rí fóònù yá, mélòó nínú wa ló mọ nọ́ńbà aya tàbí ọkọ rẹ̀ sórí?) Ìjọba á sọ pé nọ́ńbà pàjáwìrì 112 wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Òótọ́ ni. Kí ni yóò fi tẹ̀ ẹ́?

Àwa ará Òkè Ọya tún mọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2013, wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n pa á ní Zamfara, ó sì kan àwọn apá kan ní Katsina, Sokoto àti Kàdúná. Wọ́n ní torí àwọn agbébọn ni. A ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n aboyún tó ń rọbí kì í ṣe agbébọn. Ká ní tẹlifóònù oníwáyà kan wà ní ilé-ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ọ̀sì jókòó tì í, tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá lò ó sílẹ̀, ajínigbé wo ló máa lọ síbẹ̀ lọ béèrè owó ìtúsílẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má fi New York dá wa lóhùn. Wọ́n yọ èyí tó kẹ́yìn nínú tẹlifóònù ìgboro ti ìlú náà kúrò ní oṣù karùn-ún 2022 lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti ri ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ojú pópó kí wọ́n tó yọ ọ́, tí èèyàn lè fi pèèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Australia, Telstra sọ ìpè abẹ́lé di ọ̀fẹ́ lórí tẹlifóònù ìgboro wọn ní 2021. Wọn kò ní fóònù alágbèéká tó wa ni?

Owó wà. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló dá owó àkànlò USPF sílẹ̀ fún àwọn tí ọjà kò kà sí, inú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń san lọ́dọọdún ló sì ti ń wá. NCC fúnra rẹ̀ ti kà á rí pé nǹkan bí mílíọ̀nù 27 èèyàn ló ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti kà wọ́n tán, ẹ ti ṣe àpérò, ẹ ti ya fọ́tò. Ẹ dákun, kí lẹ tún ń dúró dè? Ìwé àṣẹ owó tuntun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yẹn, ìlà kan péré lẹ nílò láti fi kún un: kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba owó náà gbé tẹlifóònù ìgboro sí gáréèjì, ilé-ìwòsàn ìjọba àti àgọ́ ọlọ́pàá. Kí àwọn aláṣẹ Àbújá sì fún wọn ní ààyè ilẹ̀ láìgba owó lórí rẹ̀.

Maitama ni ọ́fíìsì NCC wà. Gáréèjì Jabi kò jìnnà sí i. Kí wọ́n ri ẹyọ kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, kí ìpè sí 112 àti sí báńkì jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ń tún un ṣe àti nọ́ńbà rẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà.