Kò Sí Abẹ́rẹ́ Kankan Tó Ń Mú Bróílà Tóbi

Sátidé tó kọjá yìí, ibi ìsọmọlórúkọ kan n'Ìsọ̀nà níbí n'Iléṣà, mo jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n gbé ráìsì dé, ni ìyá kan tí wọ́n jókòó tì mí bá fi ṣíbí ti adìẹ orí ráìsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Wọ́n ní "Èmi ò jẹ adìẹ abẹ́rẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi ń gún un tó fi ń wú bí búrẹ́dì." Gbogbo tábìlì ń mi orí. Ẹnì kan ní òun ló fà á táwọn ọmọbìnrin fi ń tètè rí nǹkan oṣù báyìí, ẹlòmíì ní òun ló ń fa fáíbírọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sin adìẹ yẹn, èmi ni mo tà á fún bàbá ọmọ, 25 ni wọ́n kó lọ́wọ́ mi. Mo dákẹ́ níbẹ̀ torí ìnáwó onínàáwó ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, gbogbo Kérésì, gbogbo Ọdún Àjíǹde, gbogbo ìgbéyàwó ni mo ń gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi.

Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń sin bróílà, adìẹ tí a ń sin fún ẹran, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jèṣà, 300 lẹ́ẹ̀kan, nígbà míì 400. Mi ò rí abẹ́rẹ́ tó ń mú adìẹ tóbi rí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni pàdé tó ń tà á. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra oògùn adìẹ lẹ́bàá ọjà Àtàkúmọ̀sà, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́la, ẹ ní ẹ fẹ́ ra họ́mónù amúdàgbà tí wọ́n fi ń gún adìẹ, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa wò yín.

Kí ló wá ń mú un tóbi? Ìran rẹ̀ ni. Ìran rẹ̀! Ní 1948, wọ́n ṣe ìdíje kan l'Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Chicken of Tomorrow, wọ́n ní káwọn tó ń sin adìẹ mú èyí tí ẹran àyà rẹ̀ pọ̀ tó sì tètè dàgbà wá. Ọkùnrin kan láti California, Charles Vantress, ló gba ipò kìíní, ó mú ìran adìẹ Cornish ó fi gun ìran New Hampshire. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ àwọn tó ń pèsè ìran adìẹ ò ju pé kí wọ́n ṣa èyí tó dàgbà jù nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí wọ́n fi í bímọ, kí wọ́n tún ṣa èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ, kí wọ́n tún fi í bímọ. Adìẹ kì í pẹ́ kó tó bímọ bíi màlúù, oṣù mẹ́fà ó ti ń yé ẹyin, torí náà láàárín ọdún 70 ẹ ro iye ìran tí wọ́n ti ṣà kọjá.

Èyí tó yẹ kó pa gbogbo ẹnu mọ́ rèé. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, wọ́n ń sin ìran adìẹ 1957 kan àti ti 1978 kan tí wọn ò ṣa nǹkan kan nínú wọn mọ́ látìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n ṣe tọ́jú wọn. Wọ́n wá mú Ross 308 ti 2005 kún un, bróílà òde òní nìyẹn. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtọ́jú kan náà, kò sí họ́mónù fún ìkankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin, kò sí èyí tó tó 50 gíráàmù nínú wọn. Nígbà tó pé ọjọ́ 56, ti 1957 wọn 905 gíráàmù, kò pé kílò kan. Ti 1978 wọn 1,808. Ti 2005 wọn 4,202. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti 1957, lórí oúnjẹ kan náà! Ọdún 2014 ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn jáde, fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wà níbẹ̀, ẹni tó bá ti rí i, mi ò mọ ohun tó tún kù tó fẹ́ máa jiyàn lé lórí.

Èmi náà dán tèmi wò ní 2021 torí àbúrò mi kan tó ń yọ mí lẹ́nu. Mo ra ọmọ adìẹ ìbílẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, mo jù wọ́n sáàárín bróílà ọjọ́ kan, ìkòkò èédú kan náà ni wọ́n jọ ń yá, fíìdì kan náà, omi kan náà. Lọ́sẹ̀ kẹfà mo gbé síkéèlì ilé ìdáná wá. Bróílà tí mo kọ́kọ́ gbé lé e, kílò méjì ó lé díẹ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ tó tóbi jù nínú márààrún ò tó ìdajì kílò, ó tún ń fò kúrò lórí síkéèlì. Àbúrò mi ló dì í mú.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìran yìí fi ń ṣòroó gbà fáwa ará ibí gan-an, àwa tá a gbé àárín kòkó dàgbà? Kòkó tí bàbá wa àgbà gbìn, ọdún márùn-ún kó tó so dáadáa. Èyí tí CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó n'Ìbàdàn, mú jáde, ọdún kejì sí ìkẹta ó ti ń so. Ta ló gún kòkó lábẹ́rẹ́?

Ẹ tún wò ó báyìí. Họ́mónù tó ń mú ara dàgbà, irú kan náà ni pẹ̀lú ínsúlínì, púrótéènì ni, tẹ́ ẹ bá fi sínú oúnjẹ ikùn á dà á bó ṣe ń da ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń gún ínsúlínì, tí kì í gbé e mì. Torí náà abẹ́rẹ́ ló máa jẹ́ lóòótọ́, á sì tó ìgbà mélòó kan lójúmọ́, fún adìẹ 300, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa mú wọn? Ọjọ́ tí mo bá kó wọn sí kéèjì láti tà lásán, tí oòrùn bá mú, méjì mẹ́ta ti ń kú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló, owó tí mo bá ná sórí adìẹ kan mo gbọ́dọ̀ rí i gbà padà, oúnjẹ nìkan ti ń kó bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo ìnáwó mi lọ, níbo ni n ó ti rówó họ́mónù?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó dùn mí jù. Kérésì ọdún kan, mo ra fíìdì lọ́wọ́ ẹnì kan tó lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó dínwó. Eèrí ló pọ̀ nínú rẹ̀, sóyà ò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, adìẹ mi ò kọjá kílò kan àti díẹ̀, àwọn oníbàárà wò wọ́n, wọ́n lọ. Owó tí mo yá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta ọdún kejì ni mo tó san án tán. Ká ní abẹ́rẹ́ kan wà tí mo lè gún wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, mo máa gún un. Kò sí.

Ohun tẹ́ ẹ ń rí tẹ́ ẹ ń pè ní abẹ́rẹ́, àjẹsára ni. Ti Lasota, tó ń dènà àrùn Newcastle, àti ti àrùn Gumboro tí mo ń fún wọn, inú omi ni. Láti aago mẹ́rin ìdájí mo ti máa ń gbé omi kúrò níwájú wọn kí òùngbẹ gbẹ wọ́n. Omi kànga ni mo ń lò torí oògùn tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ máa ń pa àjẹsára, mo máa po mílíìkì lulú tí ò lọ́ràá mọ́ ọn, ìgò kékeré báyìí, inú omi yẹn gan-an ni mo ti ń ṣí i, tó bá ti gba omi sínú mo dà á sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin wọn, wọ́n lè gún òmíì lábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ kìíní, bí wọ́n ṣe ń gún ọmọ tuntun.

Ti àwọn tó ń sọ pé ẹran rẹ̀ rọ̀ jù, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ pa, adìẹ ìbílẹ̀ tẹ́ ẹ ń fi wé e ti pé ọdún kan, ó ti sáré káàkiri àdúgbò. Ti nǹkan oṣù àwọn ọmọbìnrin, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jẹun ju tàná lọ, mi ò ní dúró lórí ìyẹn.

Ó dáa, wọ́n fi họ́mónù kan tó ń jẹ́ DES sábẹ́ awọ ọrùn àkùkọ l'Amẹ́ríkà nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti fòfin dè é ní 1959. Mo sì gbà pé àwọn kan lára wa ń fún adìẹ ní antibáyótíìkì láìka ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ìyẹn burú, ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi wá léèrè. Ẹnì kan ò bi mí rí.

Nígbà tí àpèjẹ parí mo tọ ìyá yẹn lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní "Mà, èmi ni mo sin adìẹ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo ilé wọn." Wọ́n kọ́kọ́ wò mí. Wọ́n ní ṣé ẹ̀yin ni, wọ́n ní àwọn á wá lárọ̀ọ́ Sátidé, àwọn á mú ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dání. Mo ní kí wọ́n tètè dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn tó wà nílé báyìí máa pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́jọ́ náà, Gumboro ló kàn wọ́n.