Ẹ Ti Mọ̀, Ẹ Ò Sọ fún Wa!

Inú ń bí mi, mi ò sì ní í fi bò. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣètò àpérò rí nílùú Àkúrẹ́ yìí ló mọ̀ pé nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀. Iná á lọ, òjò á dé, mọ́tò á bàjẹ́ lọ́nà, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á ṣàìsàn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tó ń bí mi nínú ni ẹni tó ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́, tó panu mọ́ títí èèyàn fi kún gbọ̀ngàn, tó wá ń sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, àìròtẹ́lẹ̀ ni." Ta ni kò rò ó tẹ́lẹ̀?

Ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí níbi àpérò ọdọọdún àwa olùkọ́. Gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká la gbà. A sanwó pé, a tún san owó jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀, torí wọ́n ní dísù ti wọ́n. Mo lọ yẹ ibẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú mi, wọ́n tàn án, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Mọ́níjà tiẹ̀ ń fọ́nnu pé Band A làwọn wà, ìyẹn ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná ọba jù, pé jẹnẹrétọ̀ ò ní í ríṣẹ́ ṣe. Band A! Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnììtì kan, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí. Kí wọ́n tiẹ̀ mú un ṣẹ, wákàtí 4 ló ṣẹ́kù lójúmọ́, ó sì lè bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀ tí a fẹ́ ṣí àpérò. Ibẹ̀ gan-an ló bọ́ sí.

Iná lọ. Pírójẹ́kítọ̀ kú, máìkì dákẹ́, fáànù dúró. À ń retí jẹnẹrétọ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sáré lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ló ń wò. Mo yọjú wo inú: wáyà méjì, pupa àti dúdú, rọ̀ dirodiro, wọ́n fi àkísà wé ẹnu ọ̀kan. Bátìrì tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ ò sí níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló kún fún eruku àfi ojú ibi tí bátìrì ti ń jókòó. Mo ní níbo ni wọ́n gbé e lọ. Ó ní ọ̀gá ti ní káwọn yọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé, inú ọkọ̀ tó ń kó omi ló wà. Ọjọ́bọ̀ là ń ṣe àpérò o! Lọ́jọ́rú, mo pe mọ́níjà, ó ní, "Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́, mà." Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun náà ló ń bá wa to àga.

Ká ní wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé ni, mo lè ra bátìrì, mo lè yá a. Ká tiẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú ni mo gbọ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan ì bá gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé rẹ̀ wá, ká fi tan pírójẹ́kítọ̀ àti máìkì, ká fi fáànù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Olùkọ́ kan ti Igbókọ̀dá wá, ìdájí ló kúrò nílé. Ó jókòó nínú ooru yẹn, ó ń fi ìwé ètò fẹ́ra, èmi sì ń pariwo lókè láìsí máìkì títí ohùn mi fi há.

Mo bi mọ́níjà léèrè ìdí tí kò fi sọ. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní í gba owó yín lọ síbòmíràn?" Bẹ́ẹ̀ ni, a máa gbà á! Ẹ̀tọ́ wa ni!

Ti olùbánisọ̀rọ̀ wa dùn mí jù, torí ọ̀mọ̀wé tí a bọ̀wọ̀ fún ni. Ìbàdàn ló yẹ kó ti wá. Aago mẹ́jọ, ó ní òun ti wà lọ́nà. Aago mẹ́sàn-án, ó ní òun ti kọjá Ifẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá, ó ní òun ti ń wọ Iléṣà. Nígbà tó dọ̀sán, ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù: "Wọ́n ń sùn, ara wọn ò yá láti àná." Kí Ọlọ́run wò wọ́n sàn, tinútinú ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tó lè sọ pé òun ti kọjá Ifẹ̀ lè sọ pé ara òun ò yá. A ní àwọn àgbà olùkọ́ nínú gbọ̀ngàn tó lè sọ̀rọ̀ náà dáadáa, bí wọ́n bá rí òru kan péré múra.

Ìyá alásè nìkan ló ṣe bó ṣe yẹ. Lálẹ́ Ọjọ́rú ló pè mí: "Àǹtí Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó fẹ́ bá mi gúnyán ò lè wá mọ́. Ṣé kí n ro àmàlà, kí n sì fi ìrẹsì kún un?" Kí a pe àwọn àgbà jọ ní Àkúrẹ́ kí iyán má sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n a kéde rẹ̀ láàárọ̀, àwọn kan kùn, wọ́n jẹun, ó parí síbẹ̀.

Ní báyìí, ẹni tó yá wa ní pírójẹ́kítọ̀ ń bínú, ó sì jàre. Gílóòbù inú ẹ̀rọ yẹn máa ń gbóná gan-an, ó yẹ kí fáànù rẹ̀ tù ú kó tó kú; iná já lójijì, nígbà tí iná sì dé, kò tàn mọ́. Àwa ló ń bi. Àwọn onígbọ̀ngàn ní àwọn ò ní í dá owó padà, pé àwọn á "ṣe wá dáadáa" tí a bá tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. A ò wá mọ́. Owó àpò àwọn olùkọ́ ni, risíìtì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé owó jẹnẹrétọ̀. Ẹ dá a padà fún wa, kí ẹ sì fi owó gílóòbù lé e.