Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Jẹjẹrẹ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

"Mama, ṣé ara ti ń le?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, dókítà."

Báyìí ni ìdáhùn sábà máa ń rí ní kílíníkì jẹjẹrẹ n'Ìbàdàn, kódà bí ìyá náà kò bá rí oúnjẹ gbé mì láti ìjẹta, tí ẹnu rẹ̀ ti bó, tí ìka rẹ̀ sì ti kú débi pé kò lè ró ìró fúnra rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó gbé e wá láti Mọ́níyà á fi kún un pé, "Wọ́n ń gbìyànjú, sà." Èrò kún ìta, dókítà ń kánjú, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara aláìsàn yá.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ tan ẹnì kan níbẹ̀. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé a kì í ka ìnira wa sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn mìíràn sì gbà pé ẹni tó bá ń pe àìsàn lórúkọ ló ń pè é wọlé. Ká tún wá fi ti ohun ìtìjú kún un. Ìyá wo ni yóò máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tàbí ojú ara lójú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin?

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń fẹ́ ni pé kí àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ nílùú yìí, kí UCH sì ṣáájú wọn, máa fi fóònù bi aláìsàn ní ìbéèrè kúkúrú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé èébì wà? Ṣé o rí oorun sùn? Báwo ni ìrora náà ṣe le tó? Kí aláìsàn dáhùn láti ilé, kí ìdáhùn tó bá ń dẹ́rù bani sì dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ti dán an wò níbòmíì. Ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering, New York, dókítà Ethan Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti ràn káàkiri ara. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2017 fi hàn pé ìdajì àwọn tí wọ́n ń bi léèrè lo ju oṣù 31 lọ láyé. Oṣù 26 ni ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwádìí tó tẹ̀ lé e, tó kó kílíníkì 52 àti aláìsàn 1,191 pọ̀, kò rí i pé ẹ̀mí wọn gùn sí i bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ara tù wọ́n sí i, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí pàjáwìrì. Ìyẹn tó ohun tí à ń wá.

Àpẹẹrẹ tó kàn wá jù n'Ìbàdàn ni ti ara gbígbóná. Ẹni tó bá ń gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, lè padà wá sí kílíníkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, nígbà tó wà nílé, ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù. Bí ara bá gbóná dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ló kàn, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Kí là ń ṣe? Ará ilé á ní ibà lásán ni, wọ́n á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, ẹlòmíì á ti gba Ọjà Bódé lọ ra egbò àgbo. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fóònù, "Ṣé ara rẹ gbóná?", àti nọ́ọ̀sì tó máa pè padà lè gba ẹ̀mí là níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló ń kọ wá lóminú. Àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn kí wọ́n ra ẹ̀rọ kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ju kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ lọ. Aláìsàn tó bá tẹ̀ ẹ́ pé ìrora òun ti le kọjá àfaradà, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é, kò ní dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi.

Àwọn kan á bèèrè pé iná dà. Wọ́n jàre, nítorí gbogbo wa la rí i bí UCH ṣe wà láìsí iná ọba láti òpin oṣù kẹwàá 2024 títí wọ oṣù kejì 2025. Ṣùgbọ́n fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré, tí kò nílò dátà, lè gba ìpè tó ń fi Yorùbá ìgboro béèrè ọ̀rọ̀, kí aláìsàn tẹ 1 tàbí 2. Ẹni tí kò mọ̀wé á gbọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ni kó san owó ìpè náà. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó mú nọ́ńbà tí wọ́n máa pè, torí fóònù ọmọ ni ọ̀pọ̀ ìyá ń lò, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí rẹ̀.

Ìlú tó ti ń ṣe àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti 1960 kò lè sọ pé iṣẹ́ yìí ju agbára òun lọ. Kí wọ́n fi àwọn obìnrin tó ń gba kímò fún jẹjẹrẹ ọmú bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba àti àwọn alákòóso ilé ìwòsàn kọ́kọ́ gba nọ́ọ̀sì tí yóò máa dá ìpè wọn padà, kí wọ́n kọ owó oṣù rẹ̀ sínú ìṣúná, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó lọ ra ẹ̀rọ.