Oúnjẹ Ìrànwọ́ Tó Fo Àwọn Aṣẹ́wó Èkó Dá

Agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde nítorí àrùn Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Onídánfó, alágbàṣe, ìyá tó ń kiri ọjà, gbogbo wọn ló jẹ ìyà rẹ̀, ìlú sì bá wọn kẹ́dùn. Ta ló bá àwọn aṣẹ́wó kẹ́dùn?

Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ṣèlérí oúnjẹ fún ilé 200,000, ẹni 6 ni wọ́n sì fojú bù sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ àdúgbò mọ̀ ni ìjọba ń pè ní ilé. Obìnrin tó ń dá gbé yàrá kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ àbísọ òun, ta ni yóò kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀? Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì náà tilẹ̀kùn, iṣẹ́ lọ, ibi tí yóò sùn náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló ní ọmọ lọ́dọ̀ ìyá wọn nílé, tí owó oúnjẹ rẹ̀ ń ti Èkó wá.

Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n dẹ okùn òfin náà. Ọjà ṣí, báńkì ṣí, ọkọ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde láti agogo mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, ilé ọtí àti ilé ijó sì wà ní títì. Ẹni tó jẹ́ pé òru ni ọjà rẹ̀, kí ló yí padà fún un? Èyí tó yọ́ jáde bá oníbàárà tó mọ̀ pé ebi ń pa á, tó ń dá iye tó wù ú, tó sì ń kọ rọ́bà ìdáàbòbò. Bí ọlọ́pàá bá mú un, ìwọ̀nba tó rí náà tún lọ.

Àwọn kan á ní kí wọ́n wáṣẹ́ mìíràn ṣe. Iṣẹ́ wo ló wà lóṣù Kẹrin ọdún 2020? Àwọn mìíràn á ní ẹ̀ṣẹ̀ ni òwò nàbì. A ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ohun tí à ń wí ni pé ìjọba tó bá dá ọwọ́ ènìyàn dúró ti jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ, ohun yòówù kó máa fi ọwọ́ náà ṣe. Oúnjẹ kúkú wà: ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ará ìlú já ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ ìrànwọ́ ní Mázà-Mázà ní Èkó, wọ́n bá a níbẹ̀ gègèrè.

Òfin Íńdíà ka níní ilé aṣẹ́wó léèwọ̀. Síbẹ̀, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 pé kí àwọn ìpínlẹ̀ fún àwọn aṣẹ́wó lóúnjẹ, kí wọ́n má sì béèrè káàdì ìdánimọ̀. Àjọ tó ń gbógun ti HIV ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì tó.

Èkó náà ní irú àjọ bẹ́ẹ̀, LSACA. Kí ìjọba kọ ọ́ sínú ètò pàjáwìrì rẹ̀ nísinsìnyí, kí àrùn mìíràn tó dé, pé ọwọ́ LSACA àtàwọn ilé ìwòsàn tí àwọn aṣẹ́wó ti ń gba oògùn ni oúnjẹ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, láìbéèrè ọkọ, láìbéèrè orúkọ àbísọ, kí ọlọ́pàá má sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.