Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n tó ní lẹ́ńsì 135 tí a tà fún òun ti bàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣeun.

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa. Ẹ ní gbogbo fótò Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí ẹ yà nírọ̀lẹ́ ló rú, tí kò mọ́, ẹ ní lẹ́ńsì 135 (lẹ́ńsì mìlímítà 135, tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́) tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ la tà fún yín pé kí ẹ fi sára kámẹ́rà Pentax K1000 yín, ẹ sì ní ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta, ìyẹn ohun tí a ń gbé kámẹ́rà lé, tí ẹ rà mọ́ ọn kò wúlò. Ohun tí ẹ kò kọ síbẹ̀ la fẹ́ kọ báyìí, nítorí àwọn tó fẹ́ wá rajà lọ́dọ̀ wa lọ́la ń kà á.

Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, lẹ ra lẹ́ńsì náà. Kí ẹ tó sanwó, àgbà onítúnṣe wa tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ lójú yín. Kò sí olú, ìyẹn ohun tó ń hù sára nǹkan tó bá rin, nínú dígí rẹ̀, kò sí ibi tí nǹkan ti ha á lára, òrùka tí a fi ń wá ojú rẹ̀ kí fótò lè mọ́ sì ń yí geere. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà mú okùn ìtẹ̀ jáde, èyí tí a ń dè mọ́ bọ́tìnnì kámẹ́rà kí ọwọ́ má baà kàn án, 3 500 sẹfà. Ẹ ní ìka yín tó. Ẹ̀dà rìsíìtì yín wà lọ́dọ̀ wa: lẹ́ńsì àti ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19, ẹ gbé nẹ́gátíìfù wá. A tẹ́ ẹ sórí àpótí iná, a fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó, ẹ̀yin náà wò ó. Fótò méje àkọ́kọ́, tí ẹ yà lọ́sàn-án gangan ní 1/500 (ìyára: ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá ni fíìmù fi gba ìmọ́lẹ̀) àti f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ihò ṣe ń fẹ̀), mọ́ gaara dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́ńsì kan náà ni, fíìmù ISO 100 kan náà ni (ISO ni bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó). Lẹ́ńsì tó bàjẹ́ kì í dára lọ́sàn-án kó tún bàjẹ́ nígbà tí oòrùn bá wọ̀.

Àwọn ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ sínú ìwé yín: 1/8, f/11. Gbogbo gílóòbù tó wà nínú wọn ló fa ìlà kúkúrú kan, ìlà náà kò sì tẹ̀ sí ibòmíì rí: gígùn ẹ̀gbẹ́ kékeré fíìmù, èyí tó jẹ́ mìlímítà 24, ló ń tọ̀, kódà nínú àwọn tí ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró láti yà. Ibi tí dígí inú kámẹ́rà, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sójú ẹni tó ń yà, kì í ṣe ti lẹ́ńsì, ń fò sí nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ìka ń tì í sí. Ká ní ojú lẹ́ńsì ni ẹ kò wá dáadáa, gílóòbù yóò wú di róbótó, nǹkan míì níwájú tàbí lẹ́yìn yóò sì mọ́. Ká ní èèyàn ló ń rìn kọjá, òun nìkan ni ì bá rú, ògiri kò ní rú. Àmọ́ bí ohun gbogbo bá rú sí apá kan náà, kámẹ́rà ló gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó ní awò lè fi èyí yẹ nẹ́gátíìfù tirẹ̀ wò kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Kí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó bo fíìmù, tó ṣí, dígí á kọ́kọ́ fò sókè, á gbá òkè, ara kámẹ́rà á sì gbọ̀n fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1/500, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé tán kí ìgbọ̀n náà tó sún àwòrán kúrò lójú kan. Bí ṣọ́tà bá wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 4, ìgbọ̀n náà kò ju ìpín kékeré lọ nínú rẹ̀, kì í hàn. Ṣùgbọ́n ní 1/15 àti 1/8, ìgbà tó ń gbọ̀n gan-an ni fíìmù ń gba ìmọ́lẹ̀. Láti 1/30 dé 1/2 ni ewu wà, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta nìkan kò sì lè gbà yín níbẹ̀. Lẹ́ńsì 135 tún ń sọ ìgbọ̀n náà di ìlọ́po 2.7 ti lẹ́ńsì 50.

Ní ti ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta: fótò tí ẹ gbé síbẹ̀ láti fi bù ú ló jẹ́rìí fún wa. Ẹ fa ọ̀pá àárín jáde tán pátápátá. Ọ̀pá yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fà tí ẹsẹ̀ kò bá tíì gùn tán. Ẹ kọ́kọ́ fa ìpele ẹsẹ̀ tó nípọn, tínínrín gbẹ̀yìn. Kí ẹsẹ̀ kan kọjú síbi tí lẹ́ńsì kọjú sí. Ẹ gbé báàgì kọ́ sí ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ìdí báàgì fara kan ilẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa fì í. Okùn ọrùn kámẹ́rà tí ẹ fi sílẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ń mi kámẹ́rà. Ẹ yọ ọ́. Bí zémì (ọ̀kadà) bá ń kọjá, ẹ jẹ́ kó kọjá.

K1000 kò ní ohun tí a fi ń gbé dígí sókè dúró, kò sì ní aago tó ń ya fótò fúnra rẹ̀. A sọ èyí fún gbogbo ẹni tó ń rà á. Ẹni tí fótò alẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, Olympus OM-1 ní ohun ìgbé-dígí, aago Nikon FM2 sì ń gbé dígí sókè kó tó kà tán. Àmọ́ K1000 kò di aláìwúlò nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú sí i títí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ yóò fi béèrè ìṣẹ́jú àáyá 4 ní f/11. Ẹ yí ìyára sí B (ibi tí ṣọ́tà ti ń wà ní ṣíṣí títí a ó fi tú u), ẹ fi páálí dúdú bo iwájú lẹ́ńsì láìfi kàn án, ẹ fi okùn ìtẹ̀ ṣí ṣọ́tà kí ẹ sì tì í pa. Ẹ ka méjì kí ìgbọ̀n rọlẹ̀, ẹ ṣí páálí, ẹ ka mẹ́rin, ẹ dá a padà, kí ẹ tó tú okùn náà. Okùn ọ̀hún gbọ́dọ̀ dẹ̀. Bó bá le tan-in, ọwọ́ yín ṣì ń mi kámẹ́rà. Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró, ẹ ra fíìmù ISO 400, ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/5.6, 1/8 yín á di 1/125. Lọ́wọ́ lásán, lẹ́ńsì 135 kò gbọdọ̀ lọ sábẹ́ 1/250.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò jẹ yín ní gbèsè kankan, ẹ gbé kámẹ́rà náà wá. A ó fún yín ní okùn ìtẹ̀ àti fíìmù kan lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì fọ fíìmù náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ṣe é bí a ṣe wí tí fótò ṣì rú, a ó dá gbogbo owó yín padà, ẹ ó sì mú lẹ́ńsì náà lọ. Orí àpótí iná la ó ti jọ wò ó, lójú oníbàárà yòówù tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ìyára sí dání.