Àìsí Iná Mànàmáná Kò Jẹ́ Kí Á Jèrè Ata Rodo Wa

Inú ń bí mi, n kò sì ní í fi bò. Ata rodo tí mo gbìn sẹ́yìn ilé wa n'Ìbàdàn so lọ́dún yìí débi pé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ̀ kanlẹ̀, bí a sì ti ń ká a ni òmíràn ń pọ́n. Síbẹ̀, ààtàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbà lọ.

Ìgbà òjò tí rodo ń so jù náà ni oòrùn kì í ràn tó láti fi sá nǹkan gbẹ. Rodo kò rí bí ṣọ̀ńbọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ nípọn, ó sì lómi nínú, nítorí náà bí ojú ọjọ́ bá ṣú pẹ́, ìdí igi orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà ni ohun funfun bí òwú yóò hù sí i nínú. Ọ̀nà tó kù ni pé kí á lọ̀ ọ́, kí á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí á sì kó o sínú firísà. Firísà wo, níbi tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ń ṣú ni wọ́n ti ń mú iná lọ?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n kà sí Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn yẹ kó pọ̀ jù, ga dé náírà 225 lórí kilowatt-hour kan, wọ́n sì ṣèlérí pé, ó kéré tán, iná yóò máa wà fún wákàtí 20 lóòjọ́. Owó Band A ni àdúgbò wa ń san. Wákàtí náà ni a kò rí. Nígbà tí mo ṣí firísà lẹ́yìn tí iná ti lọ fún ọjọ́ gbọọrọ, ata ti yọ́, ìdérí àwọn ike ti wú sókè, omi pupa sì ń ṣàn sílẹ̀ pẹ̀lú òórùn kíkan. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi já igi orí ata wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé kí n dà á nù kí n má sì sọ̀rọ̀ ni?

Àwọn alájàpá mọ̀ pé a kò ríbi tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń dá iye tí kò tó owó ọkọ̀ lé odidi agbọ̀n kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọwọ́ wọn náà ni a ó ti máa ra èyí tí wọ́n tò ní mẹ́rin mẹ́rin lówó gọbọi. N kò tilẹ̀ dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí tiwọn náà ń bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó iná ni mo ń bá wí: bí ẹ kò bá lè fún wa ní wákàtí 20, ẹ yọ àdúgbò wa kúrò nínú Band A, kí ẹ sì san owó ata tó ti bàjẹ́ fún wa.